Ǹjẹ́ Àwa Náà Lè Ṣe É?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní sáà yìí kan iṣẹ́ tí gbogbo wa wá kọ́, ó sì kan àwọn ọmọ tí a óò fi lé wa lọ́wọ́ láìpẹ́, yálà ní Nàìjíríà ni o, tàbí ní Ghana, tàbí ní Kamẹrúùnù, tàbí ní Sàró.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, àti ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù, pé àwòrán yíyà, igi gbígbẹ́, ìkòkò mímọ àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi fún àwọn díẹ̀ láti inú oyún wá, àti pé ẹni tí kò bá bá a wáyé, kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ju ẹ̀bùn lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ kan ti ń yá ju ti èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ìtàn àwọn tí iṣẹ́ ọnà sọ di olókìkí ní apá ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú àwọn títí di ọjọ́ tí ojú wọn kan iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, tí ọkàn wọn sì bi wọ́n léèrè pé: Ǹjẹ́ èmi náà kò lè ṣe é? Ìbéèrè yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Mo sì fi kún un pé ojú nìkan kò tó. Bí ojú bá ti rí, ó yẹ kí ọwọ́ rí ohun tí yóò dì mú kí iná ọkàn náà tó kú. Níbi èkejì yìí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń kùnà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan tí àwa Yorùbá yá lọ́wọ́ àwọn Igbo. Ní àgbègbè Owerri, ní ayé àtijọ́, nígbà tí àjálù bá dé, tàbí tí Ala, òrìṣà ilẹ̀, bá béèrè fún un, àwọn ará ìlú a yan ènìyàn láti ìdílé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn tí a yàn a lọ máa gbé inú ọgbà tí a sé mọ́, wọn a sì máa fi amọ̀ mọ ilé kan, pẹ̀lú ère oríṣiríṣi nínú rẹ̀: ère Ala fúnra rẹ̀, ti ẹranko, ti àwọn ènìyàn pàtàkì, àní ti òyìnbó ajẹ́lẹ̀ pàápàá. Ilé yìí ni à ń pè ní mbari. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí a yàn kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà. Ará ìlú lásán ni wọ́n, tí wọ́n fi oko àti ọjà sílẹ̀ wá. Ọ̀gá kan tí ó mọ iṣẹ́ dunjú ni ó ń darí wọn. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, gbogbo ìlú a wá wò ó, a ṣe àríyá. Lẹ́yìn náà, wọn a fi ilé náà sílẹ̀ fún òjò. Wọn kì í tún un ṣe. Bí ó bá wó, ó wó. Èrò wọn ni pé nínú mímọ rẹ̀ ni èrè wà, kì í ṣe nínú fífi pamọ́.

Ní ọdún 1961 àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn oníṣẹ́ ọnà kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi Mbari sọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, àti Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ èdè Igbo. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti dún létí wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn: Mbárí Mbáyọ̀, èyí ni pé, bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìwé, n kò tíì pàdé àṣìgbọ́ kan tí ó dára tó èyí.

Ilé tí ọtí ti ń tà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di Mbárí Mbáyọ̀, ní àárín ìgboro, níbi tí èrò ti ń kọjá. Eré orí ìtàgé wà níbẹ̀, àfihàn àwòrán wà níbẹ̀, ìlù kì í sì í jìnnà. Ẹni tí ó ń lọ sọ́jà lè yà wọlé, kí ó wo ohun tí ó wà lára ògiri, kí ó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, ni ó kọ́kọ́ darí àwọn tí ó fẹ́ gbìyànjú àwòrán yíyà níbẹ̀. Ní ọdún 1964, Georgina Beier ni ó darí wọn. Ta ni àwọn tí ó wá? Ọ̀dọ́ ni wọ́n, tí púpọ̀ nínú wọn kò kàwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn kan kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí àwọn mìíràn sì jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Ládípọ̀. Jimoh Buraimoh ni ó ń bójú tó iná mànàmáná fún àwọn òṣèré náà. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ó ń tan iná kí a lè rí iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ó di ayàwòrán. Nígbà tí ó yá, ó mú ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tí àwọn baba wa fi ń ṣe adé ọba, ó bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àwòrán gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti ń fi ọ̀dà kùn ún, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Twins Seven-Seven, oníjó ni. Ó ti ń bá àwọn tí ń polówó oògùn kiri jó kí èrò lè péjọ yí wọn ká. Ijó ni ó gbé e dé Mbárí Mbáyọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí bébà àti yíǹkì. Ní ọdún 2005, ọdún mẹ́fà kí ó tó kú, àjọ UNESCO fi oyè dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ ọnà rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ Òṣogbo yìí. Wọ́n ní ohun tí ó bá wu òyìnbó ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń yà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní apá kan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó tí ó darí wọn ti kó ẹrù wọn lọ, àwọn ọmọ Òṣogbo kò jáwọ́, àwọn náà sì ti tọ́ àwọn ẹlòmíràn dàgbà. Ohun tí ó mú iṣẹ́ náà dúró, lójú tèmi, ni pé ọmọ tí ó wo àwòrán náà mọ ẹni tí ó yà á. Ó ti rí i níbi tí ó ti ń jẹ ẹ̀bà. Kò lè sọ pé ọmọ ẹ̀dá mìíràn ni.

Ẹnìkan lè já mi ní koro níbí, kí ó ní, ẹni tí kò rí aládùúgbò kankan tí ó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Kí ó mẹ́nu kan Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní ọdún 1882. Lóòótọ́ ni. Àwòrán inú ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ni Onabolu rí nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ó sì ń dà á kọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi là. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó ń ya àwòrán àwọn ènìyàn Èkó, kò sì rí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán wọ̀ títí di ọdún 1920, nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó padà, ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó, òun ni ó sì là ọ̀nà fún iṣẹ́ àwòrán nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀. Ṣùgbọ́n alágídí ni Onabolu, nínú ìtumọ̀ rere. Ó dúró ju ogún ọdún lọ. A kò lè gbé ètò ẹ̀kọ́ gbogbo ọmọ lé orí agídí ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún.

Ẹni tí ó bá ní owó ogún náírà lápò, kí ó yọ ọ́, kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti abúlé Kwali. Ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ obìnrin ni ó kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn obìnrin ilẹ̀ wọn. Kì í lo ẹ̀rọ tí ń yí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rìn yí ìkòkò ká, tí ó ń fi ọwọ́ fa amọ̀ sókè, lẹ́yìn náà yóò fín alángbá, àkekèé, ẹja àti ẹyẹ sí i lára. Emir ìlú Àbújá àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja lónìí, ra nínú àwọn ìkòkò rẹ̀, ó sì gbé wọn sí ààfin níbi tí àlejò lè rí wọn. Ẹ fi ọkàn sí èyí. Bí Emir bá ti fi wọ́n pọnmi lásán ní ẹ̀yìnkùlé, bóyá ìtàn náà ìbá ti parí síbẹ̀. Ní ọdún 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba rán wá, rí ìkòkò wọ̀nyí ní ààfin. Ní ọdún 1954, Ladi Kwali wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ tí Cardew dá sílẹ̀ ní ìlú náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Níbẹ̀ ni òun náà ti rí ohun tí kò rí rí: iléru gbígbóná kíkan, àti ohun tí ń dán bí dígí tí wọ́n fi ń bo ara ìkòkò. Kò sọ ọgbọ́n ilé wọn nù láti gba ti àlejò. Ó fi ọwọ́ mọ ìkòkò rẹ̀ bí ó ti ń mọ ọ́n ní Kwali, alángbá rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀, ó sì fi ohun dídán náà bò ó. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò sí láyé tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi í hàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn ènìyàn sì ń ṣe háà. Ní ọdún 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn yóò tẹnu mọ́ oyè náà. Èyí tí ó dùn mọ́ mi nínú ju oyè lọ ni pé lẹ́yìn rẹ̀ ni Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ kan náà. Kò sí ẹni tí ó ṣe òfin fún wọn pé obìnrin lè wọlé. Wọ́n rí obìnrin kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ghana tí ẹ wà láàárín wa, ẹ má ṣe rò pé mo gbàgbé yín. Olùkọ́ bí àwa ni El Anatsui, tí a bí ní Anyako ní ọdún 1944. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì Kumasi, ọ̀nà ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sì fi kọ́ ọ níbẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ilé àṣà kan wà ní ìlú Kumasi kan náà, níbi tí àwọn ahunṣọ, àwọn agbẹ́gi, àwọn onílù àti àwọn tí ń tẹ àmì adinkra sára aṣọ ti ń ṣiṣẹ́ wọn ní gbangba. Ó ń lọ síbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí ó di olùkọ́ ní Winneba, ó mú àtẹ igi róbótó, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń pàtẹ ọjà lé, ó fi irin gbígbóná jó àmì sí i lára. Ọ̀nà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1975 ó wá sí Nsukka, ó sì kọ́ni níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1998 ó rí àpò kan tí ó kún fún ìdérí ìgò ọtí, tí ẹnìkan dànù. Ó fi wáyà bàbà rán wọn pọ̀ di ohun tí ó tẹ́ bí aṣọ ọba, tí ó sì ga ju ilé lọ nígbà mìíràn. Ní ọdún 2015 wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí dá àwọn tí ń bẹ̀rù pé ẹni tí ó bá ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn yóò di adàkọ lóhùn. Ó lè dà á kọ fún ìgbà díẹ̀. Adinkra ni Anatsui kọ́kọ́ yá lò. Ta ni ó kọ́ ọ ní ìdérí ìgò?

Bí rírí bá ṣe pàtàkì tó báyìí, ẹ wo ìyà tí ó jẹ àwọn ọmọ tí a kó iṣẹ́ baba wọn lọ. Ní ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ọnà 26 padà fún Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ogun wọn kó ní Abomey nígbà ogun ọdún 1892. Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn ní Kòtònù ní ọdún 2022, wọn kò pàtẹ àwọn ohun àtijọ́ náà nìkan. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọgbọ́n nìyẹn. Ọmọ tí ó wọlé rí ti baba, ó sì rí ti ẹ̀gbọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n rán wa lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò, mo bá iṣẹ́ ọnà nínú ètò ọ̀sẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán mi lọ, ní ọjọ́ Jímọ̀, ní wákàtí tí ó kẹ́yìn, nígbà tí oòrùn ti mú, tí ebi sì ń pa ọmọ. Olùkọ́ a fi ṣọ́ọ̀kì ya ife kan sójú pátákó, àwọn ọmọ a dà á kọ. Ẹni tí ife rẹ̀ bá jọ ti pátákó gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ọmọ kan ya eṣinṣin sí etí ife tirẹ̀, nítorí pé gbogbo ife tí ó ti rí láyé rẹ̀ ni eṣinṣin ń bà lé. Ó gba mẹ́ta. N kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi púpọ̀. Bí wọ́n ti kọ́ ọ ni ó ṣe ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ náà, mo sì mọ̀ pé kò ní ya eṣinṣin mọ́.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó ń mọ ìkòkò tà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì gba àṣẹ, kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lè lọ jókòó tì í ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, wọn kò sì wò ó rí. Ní ọjọ́ náà wọ́n dákẹ́ bí ẹni wà nínú ìsìn. Nígbà tí ìkòkò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọmọkùnrin kan fa aṣọ mi, ó fi èdè Hausa bi mí pé, “Malam, ǹjẹ́ àwa náà lè ṣe é?” Ìyá àgbà náà gbọ́, ó bu amọ̀ fún un kí n tó lanu dáhùn. Mo gbà pé òun ni olùkọ́ ní ọjọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ ni ó sán bí ó ti gbẹ. Ọmọbìnrin kan mọ ọkọ̀ akérò, pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀, pẹ̀lú ewúrẹ́ lórí rẹ̀, àti kọ̀ndọ́kítọ̀ tí ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì ni. Àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà kùn pé amọ̀ ba ilẹ̀ jẹ́, òtítọ́ sì ni, ó bà á jẹ́. Àwa ni a fọ̀ ọ́.

Wọ́n yóò ní ìdánwò ń bọ̀, pé àwọn òbí kò fi ọmọ sílé-ìwé kí wọ́n lè fi amọ̀ ṣeré. Ọ̀rọ̀ ìdánwò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀. N kò sọ pé kí a gba wákàtí kan kúrò lára ìṣirò. Wákàtí tí ó wà fún iṣẹ́ ọnà tẹ́lẹ̀ ni mo ń bèèrè pé kí a lò fún iṣẹ́ ọnà. Àwọn mìíràn, àti Mùsùlùmí àti Kristẹni, ń bẹ̀rù pé ère mímọ yóò fa ọmọ padà sí ìbọ̀rìṣà. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ère, kí ó mọ àwo, kí ó hun ẹní, kí ó fín igbá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ìdílé agbẹ́gi ni Lamidi Fakeye ti wá, iṣẹ́ kan náà tí àwọn baba rẹ̀ fi gbẹ́ ère òrìṣà ni ó sì fi gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì ní yunifásítì Ìbàdàn.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá wa. Kí a gbà wá láàyè ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní sáà kọ̀ọ̀kan láti lọ jókòó ti ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ní ìlú tí a wà yìí, yálà ahunṣọ ni, tàbí alágbẹ̀dẹ, tàbí afíngbá. Kí a má ṣe fi máàkì sí ohun tí a bá ṣe nígbà tí a bá dé. Kí a sì fún wa ní pẹpẹ kan ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun, níbi tí gbogbo wa ti ń kọjá, kí a lè máa gbé iṣẹ́ ọwọ́ wa sí i, èyí tí ó dára àti èyí tí ó wọ́. Mo ti bá káfíńtà ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ náà. Ó ní pákó àjókù wà lẹ́yìn ilé ìdáná, pé bí a bá ti mú ìwé àṣẹ wá, òun yóò kàn án ní ọjọ́ méjì.